Kọ̀ǹpútà Tó Ń Bẹ̀ Mí

Ẹ̀bẹ̀ ló kó bá mi. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ekosodin, ní Benin, ilẹ̀ kan ò ní mọ́ kí kọ̀ǹpútà mi má bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun sọ ara òun dọ̀tun. Mo kọ̀, mo kọ̀, ó ṣáà ń bẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí èèyàn bá bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí o ò gbà, ìwọ lo burú. Mo bá tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Mo tiẹ̀ sọ fún un pé kò tọ́pẹ́.

Nígbà tó jí padà, ó ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ṣùgbọ́n ó ní òun ò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi rí! Ẹ̀rọ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọ́nhan. Mo yọ wáyà USB, mo fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Mo gbàdúrà sí i, mo bú u. Pàbó ló já sí.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sì dúró tì mí. Kó tó di aago méjì, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣekágbá rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi ni mo ní kó fọkàn balẹ̀ láti àná. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó kù lèrò kún fọ́fọ́. Ọmọ Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, àmọ́ Benin ni wọ́n bí i sí, pijin ló fi ń dá mi lóhùn.

"Mummy, abeg, no let me cry."

Omi ti wà lójú rẹ̀ ná. Ojú tì mí gan-an.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Uwasota. Ó ní, "Àǹtí, àwọn méjèèjì ò gbédè ara wọn tẹ́lẹ̀, ògbufọ̀ kan ló wà láàárín wọn. Ètò tuntun yìí ti dí ọ̀nà USB àtijọ́, ó la òmíràn. Ògbufọ̀ yín ò mọ ọ̀nà yẹn, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ò sì ṣe tuntun fún arúgbó ẹ̀rọ. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì sọ dọ̀tun."

Ta ni mo mọ̀ tí kì í gbẹ̀bẹ̀? Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà òdìkejì títì ni! Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ ti kú tipẹ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń wọlé tọ̀ mí, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó kọjú rẹ̀ síbòmíràn, ó fárígá. Ọdún kejì rèé tá a ti ń yan odì.

Mo gbé ẹ̀rọ mi karí, ọmọ náà mú wáyà tẹ̀ lé mi. Mo kúnlẹ̀ tẹrùtẹrù, mo ròyìn ohun tí kọ̀ǹpútà mi ṣe fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà mí."

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ dìde. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbà fún un?"

"Ó bẹ̀ mí ni, sà."

"Ó ń bẹ èmi náà. Ṣé mo mọ̀ ọ́n níbì kan ni?"

A ki wáyà àti fíláàṣì ọmọ náà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rọ mi kùn, ó wúkọ́, ó bi ojú ìwé kìn-ín-ní jáde! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọkùnrin náà.

Ó ku ojú ìwé mẹ́ta nígbà tí ẹ̀bẹ̀ yẹn yọjú lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó nawọ́ láti gbà fún un.

"Má tẹ̀ ẹ́!" Èmi àti ọkùnrin yẹn la jọ pariwo.

Aago méjì ò tíì lù tọ́mọ náà fi fìwé lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá yẹn dòní, àràárọ̀ ni mò ń sọdá lọ kí wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo débẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti kọjú jẹnẹrétọ̀ wọn síbòmíràn. Mi ò sì bẹ̀ wọ́n.