Téèpù Bọ́ọ̀lù Tó Fi Àbúrò Mi Hàn Wá

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé díṣì wọ agboolé wa ní Bẹyẹrunkà. Ìparí àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Aṣọ àǹkárá ló ń tà ní Ọjà'ba, Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó bọ́ọ̀lù. Ó ní kí wọ́n gbé àwo irin ńlá náà sórí páànù ilé tó ti dípẹtà, àwọn èèyàn sì ń ti Àrẹ̀mọ wá wò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù ìlú òkèèrè, ìgbà tí Àlàájì wà ní ìsọ̀. Ló bá lọ ra fídíò tòkunbọ̀ kan tó lè dá gba àwòrán sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Á ti to aago rẹ̀ láàárọ̀ kó tó jáde. Tó bá dé, tó kírun Mágíríbì tán, á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, á máa wo bọ́ọ̀lù tí gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó jẹ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ fún un. Ọkọ mi ṣèèṣì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Àlàájì ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èmi ò ráyè bọ́ọ̀lù ní tèmi. Aṣọ ni mò ń rán, ohun kan sì wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá wa bí tẹ̀lé mi, ti kúrò nílé láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ wẹ́dà ló kọ́. Ó dágbére fún wa pé Kánò lòun ń lọ, nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ láti ibẹ̀ pé òun àti àwọn kan fẹ́ gba aṣálẹ̀ kọjá sí òkè òkun. Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ọkùnrin kan wá sọ fún ìyá wa ní Yemẹtu pé òun rí i ní Líbíà, ara rẹ̀ le. Ẹlòmíì tún wá, ó ní ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ti rì sínú òkun. Ìyá wa gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó jó. Ó gbọ́ ti èkejì, ó dákú. Nígbà tó jí, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ohun tí òun bá fi ojú òun rí nìkan lòun máa gbà.

Lọ́dún tí Àlàájì ra fídíò náà, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ àgbà ẹbí, pè wá jọ sílé ìyá wa.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká ṣe fìdáù fún ọmọ yìí. Tó bá ti kú, àdúrà ló kù tó ń retí lọ́wọ́ wa."

Ìyá wa ní, "Ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Ẹ fara balẹ̀ ná."

"Mo ní ta ló rí òkú rẹ̀?"

Síbẹ̀, àbúrò bàbá wa ní tí Iléyá bá ti kọjá, àwọn máa ṣe é. Mi ò dá a lẹ́bi. Òun náà fẹ́ràn ọmọ náà, ìrònú ti sú u ni.

Ó kù díẹ̀ kí Iléyá dé, mo gbé dàńṣíkí tí mo rán fún Àlàájì lọ sí pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́ Sunday kan. Bọ́ọ̀lù tó gbà sílẹ̀ lọ́sàn-án ló ń wò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti lọ sinmi, ìròyìn ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé gbogbo ohun tó bá ṣáà ti gbojú díṣì wọlé ni fídíò náà ń gbà. Wọ́n ń fi èbúté kan hàn níbi tí àwọn apẹja ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan nínú wọn, tó wọ bàtà òjò gígùn, yíjú sí wa, ó rẹ́rìn-ín. Àpá iná wẹ́dà wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

Dàńṣíkí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn!"

"Kí ni mo fẹ́ dá padà? Wọn ò tíì wọlé."

"Àbúrò mi ni! Àbúrò mi ló kọjá yẹn!"

Ó dá a padà. Ó tún tẹ rìmóòtù, àwòrán náà dúró, ó ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Òun ni. Ó ti sanra díẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ìlú ibẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Àlàájì, tí kì í fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣeré, yọ téèpù náà kí wọ́n tó gbá ìlàjì kejì, ó fi í sínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba nǹkan míì lé èyí lórí."

Lọ́jọ́ kejì, mo sáré lọ sí Yemẹtu. Ìyá wa gbọ́ mi títí dópin, ó mi orí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ gbé e wá síbí kí n rí i." Kò bá mi dé Bẹyẹrunkà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

A ní ká dúró bóyá wọ́n á tún fi ìròyìn náà hàn, ká gba èyí tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí a ti ń dúró ni ojú tẹlifíṣọ̀n ti yí padà. Ọ̀rọ̀ kan jáde pé wọ́n ń fi ètò tuntun ránṣẹ́ láti òkè sínú díkódà, àpótí kékeré tó ń bá díṣì ṣiṣẹ́, kí a má ṣe pa á. Ìlà kan ń gùn díẹ̀díẹ̀. Kò tíì dé ìdajì nígbà tí iná lọ. Nígbà tí iná fi máa dé, díkódà ò ṣe nǹkan kan mọ́, iná pupa kékeré kan ṣoṣo ló ń tàn lójú rẹ̀. Ẹni tó bá wa ri díṣì wá wò ó. Ó ní ètò tuntun yẹn wọlé ní àbọ̀ ni, òun máa gbé e lọ kí wọ́n tún un kọ sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó di pé téèpù Àlàájì nìkan ló kù fún wa.

Wàhálà míì tún wà níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré ayé àtijọ́ ni fídíò Àlàájì ń lò, ẹ̀rọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Kásẹ́ẹ̀tì ńlá ni gbogbo ará Yemẹtu ń lò. Ọkọ mi ló rántí obìnrin kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Bẹẹrẹ, pé ó ní oríṣi ẹ̀rọ méjèèjì, ó lè kó àwòrán látinú ọ̀kan sínú èkejì.

Obìnrin náà to ẹ̀rọ méjì síra wọn lórí tábìlì, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa sọ̀rọ̀ yín. Kò lè gbóhùn wa."

Ibi tí wọ́n ti ń fi èbúté hàn ni àwòrán ti fọ́ yángá, ẹ̀rọ náà sì ń dún kíríkírí. Ó yára dá a dúró, ó ṣí i. Téèpù náà ti wé mọ́ irin inú rẹ̀. Ọwọ́ mi lọ sórí, mi ò lè wò ó. Ó rọra ń fi ìka tú u, ó fi òwú àti sípíríìtì nu inú ẹ̀rọ, ó dá téèpù padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìlàjì àkọ́kọ́ tán, ìròyìn dé. Èbúté. Ọkọ̀ ojú omi. Àbúrò mi yíjú, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

"Ó ti wọlé," ni obìnrin náà wí.

Mo dì mọ́ ọn bí ẹni pé òun ló bí mi.

Lọ́jọ́ náà gan-an, a yá fídíò aládùúgbò ní Yemẹtu, a sì pe àbúrò bàbá wa. Ìyá wa jókòó sórí ẹní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ yíjú, kò sunkún, kò pariwo.

Ó ní, "Ẹ tún un ṣe."

A tún un ṣe. Ó ní ká tún un ṣe sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló ń bá a gé irun níbẹ̀? Ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, omijé wá ń dà lójú rẹ̀. Àbúrò bàbá wa ṣí fìlà. Ó ní, "Alihamudulilahi. Ọ̀rọ̀ fìdáù ti parí."

Orúkọ ìlú tó wà nísàlẹ̀ àwòrán ni Àlàájì gbé lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Oníbàárà rẹ̀ kan ní ọmọ ní orílẹ̀-èdè yẹn, ọmọ náà sì bá wa wá a dé èbúté. Ìgbà tó yá, wọ́n ní ká wá dúró níbi tí wọ́n ti ń sanwó láti lo tẹlifóònù nítòsí Mápó. Fóònù dún, wọ́n gbé e fún ìyá wa.

A ń gbọ́ ohùn àbúrò mi láti ibi tí a dúró sí. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò rí ohun gidi kan ṣe ni. Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń tì ọ́ fún ta? Èmi?" ni ìyá wa wí. "Ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ó ní òun ti jẹun.

"Kí lo jẹ?"

Ó wálé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé Yemẹtu lọ́sàn-án ọjọ́ tó wọlé, ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lé àwọn ọmọdé agboolé sẹ́yìn. Ó fi ìka lé ètè sí mi. Àbúrò mi wà nínú yàrá lórí ẹní, ó ń hanrun.