Ẹ̀yìn Alábàárù Ọjà'ba

Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, mi ò sì tíì dárí jì í. Lọ́dún kan, ilé ìwòsàn wa fẹ́ rán ẹnì kan lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ lórí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Èmi ló kàn. Fọ́ọ̀mù mi dé orí tábìlì rẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó jù ú sí i, ó sì tì í pa.

"Ìwọ ọmọ Ọ̀rányàn yìí, kí lo fẹ́ fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe? Ṣé kó o lè máa fọwọ́ ra ẹ̀yìn fún àwọn alábàárù Ọjà'ba ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ló rán lọ.

Mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí yunifásítì kan kéde pé òun fẹ́ gba àwọn oníṣẹ́ ìlera fún ìgboyè kejì lórí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé orí fóònù ni púpọ̀ nínú kíláàsì yóò ti wáyé. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀ ní Ọ̀rányàn, àdúgbò mi, n ó gun òkè Mápó, n ó jókòó ti obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà, n ó gbé fóònù sétí.

"Màmá, ṣé wàásù lẹ̀ ń gbọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni."

"Ẹ bá mi bi wọ́n nípa tèmi o. Ó ń ro mí."

Ó wá ku ìdánwò kan ṣoṣo: ká yẹ aláìsàn wò lójú àwọn olùdánwò. Ẹni tó bá kùnà kò ní gba ìwé ẹ̀rí, èmi ò sì ní ọdún tí mo lè fi ṣòfò mọ́. Mo wọlé, ta ni mo bá láàárín wọn? Ọ̀gá mi. Wọ́n pè é wá gẹ́gẹ́ bí àgbà iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló fi jókòó, ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún.

"Ṣé o ò tíì lọ sinmi ni?"

"Ẹ̀yin náà ò sinmi, sà."

Alábàárù láti Ọjà'ba ni aláìsàn tí wọ́n fún mi. Mo bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ní rárá, ẹsẹ̀ ló kàn ń kú tipiri. Mo mọ àwọn èèyàn mi.

"Agbo wo lẹ̀ ń mu?"

Ọ̀gá mi já lu ọ̀rọ̀: "Ìdánwò ọ̀pá ẹ̀yìn nìyí, a ò sí nídìí agbo!"

"Ìdánwò tèmi ni, sà. Ẹ jẹ́ n ṣe é."

"Agbo jẹ̀díjẹ̀dí ni, Ìyá," ni alábàárù dáhùn. "Jẹ̀díjẹ̀dí ọ̀hún máa ń gún mi ní bàdí, á sì sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́sẹ̀."

Ládùúgbò wa, ẹni tí bàdí bá ń ro kì í wá ẹjọ́ ẹ̀yìn rò. Nǹkan dídùn tó jẹ ni yóò dá lẹ́bi, agbo kíkorò ni yóò sì máa fi lé e. Mo bi í nípa ìtọ̀. Ó wolẹ̀. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò wá geere mọ́. Mo fi òwú kan inú itan rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

Mo kọjú sí wọn. "Nǹkan ń tẹ iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn bàbá yìí. Wọn ò gbọdọ̀ padà sọ́jà lónìí. Ẹ pe àwọn oníṣẹ́ abẹ."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni ọ̀gá mi bi mí.

"Ó dá mi lójú ju bó ṣe dá yín lójú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ti fọ́ọ̀mù mi mọ́ dúrọ́ọ̀ lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbé bàbá náà lọ ya àwòrán ẹ̀yìn, ohun tí mo sọ gan-an ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Mo yege.

Mo ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá mi lẹ́yìn mi. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó tẹ̀ kọrọdọ. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀ mí, mo sì ti ṣètò bí n ó ṣe kọ̀ ọ́. Kò bẹ̀ mí.

"Màmá," ó ní, "èmi náà ti ń mu agbo yẹn láti ọdún tó kọjá. Ibo gan-an lẹ̀ ń gbé ní Ọ̀rányàn?"