Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Tèmi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tàbí kí n kúkú sọ pé nígbà tí mo ṣì wà lábẹ́ bàbá mi, nítorí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, ara pátákó la ti ń wo orúkọ ẹni tó bá wọlé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ẹ ò mọ ìyà yẹn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú á ti wọlé tán, àwa tó kù á wá máa retí ìwé àfikún. Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Tiwa gbóná títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ayé le nígbà náà. Àsìkò SAP ni, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba, ilé iṣẹ́ sì ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí wọ́n lọ sinmi nílé. Wọ́n sinmi títí, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n padà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró ti ẹ̀rọ ti wú, wọn ò lè rìn jìnnà mọ́. Ìwọlé mi nìkan ni wọ́n gbójú lé. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹnì kan parọ́ fún wa pé orúkọ mi jáde, bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò kó tó hàn pé irọ́ ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé, "Ohun tí mi ò bá fojú ara mi rí, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ fún mi."

Ojú irin ni mo máa ń tọ̀ láti Agége lọ síbi pátákó náà, lẹ́bàá ọ́fíìsì ìwọlé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọmọbìnrin kan tó ń ti Ọgbà wá, ọmọ tíṣà, ará Èkìtì. A jọ ń pín búrẹ́dì jẹ bí ebi bá ń pa wá. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé ti bàbá mi bí wọ́n bá to orúkọ ní a, b, d, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n mi lórí ìwé. Bí o bá ti wọlé, sún díẹ̀ kí n ráyè jókòó o."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kò wá. Ìwé tuntun ti wà lára pátákó. Mo rí orúkọ mi. Mo wọ̀tún, mo wòsì, mi ò rí ẹ̀ṣọ́, mo bá fa ibẹ̀ ya, mo kì í bọ àpò, mo sáré. Mi ò wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú bàbá mi nìkan ni mo ń rò.

Nílé, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n ka orúkọ mi, omi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò dúró níbẹ̀. Wọ́n ka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà, wọ́n ní ọmọ ẹnì kan làwọn náà, kí Ọlọ́hun jẹ́ kó yọrí sí rere fún wọn. Orúkọ ọmọbìnrin Ọgbà ló ṣáájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, mo ṣe àmín.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ni. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó náà pé ẹni tó bá ya ìwé, wọ́n á fagi lé orúkọ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì fún wa láti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Mi ò mọ ilé rẹ̀. Mo lè lọ béèrè tíṣà ará Èkìtì ní Ọgbà, mi ò béèrè. Mo ní kí n kọ́kọ́ parí tèmi ná. Ọjọ́bọ̀ ni mo tó parí ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mo fi ẹ̀kọ tútù lẹ ìwé náà padà, mo sì dúró títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ ló pè mí.

"Ọ̀rẹ́ ẹ tó pupa yẹn wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó wo ibẹ̀ títí, ó sunkún, ló bá lọ."

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo rí i ní ilé búrẹ́dì kan ní Agége, tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ìyẹ̀fun kún apá rẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ mi gidigidi.

"Mo gbọ́ pé ìwọ wọlé! Èmi, wọ́n ti ya ibi tí orúkọ mi ì bá wà, wọ́n sì ní lọ́fíìsì pé ara pátákó ni kí n lọ wò. Orí mi ni ò gbà á."

Mo ní, "Orí ẹ kọ́." Ó rò pé mo ń tu òun nínú ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ra búrẹ́dì kan, mo lọ. Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Ayé ti yí padà báyìí. Lọ́dún tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi náà wà lára àwọn àfikún. Orí fóònù ló ti rí i, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ilé ń hó fún ayọ̀. Mo gba fóònù náà, mo ń fìka tì í sókè, mo ń tì í sísàlẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní àwọn yòókù ńkọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, kálukú ló ń rí tiẹ̀. Ẹ ò lè rí tẹlòmíràn níbẹ̀."

Mo ní ó sàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún.