Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Wọnú Kọ̀ǹpútà

Òórùn kòkó tó ń gbẹ ni òórùn ilé wa ní Ìlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, òórùn mìíràn wá dà pọ̀ mọ́ ọn: òórùn eruku tó ń gbóná lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Bọ̀dá Gbádé, àbúrò bàbá mi, ló gbé e ti Ìlọrin dé. Ó fi aṣọ ìbora dì í bí ọmọ tuntun, ó sì gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, láàárín àwọn àpò kòkó. Bí ó ṣe tàn án, ó hó bí ìkòkò omi, ó dákẹ́, ó tún hó. Mo sá sẹ́yìn ìyá mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀yin náà kọ́kọ́ rí tiyín.

Iṣẹ́ kòkó rírà ni bàbá mi ń ṣe, iṣẹ́ náà kò sì jẹ́ kí ó gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Á ti ọwọ́ bọ àpò dé ìgbọ̀nwọ́, á bu kóró kan jẹ, á tún gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó kí ẹni tó gbé e wá. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀: "Àpò tó bá fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ, ẹ tú u wò." Kì í ṣe kòkó nìkan ló ń sọ ọ́ sí. Búrẹ́dì tí wọ́n bá rà lọ́jà, á gbé e yẹ̀wò lọ́wọ́, á sọ ọ́. Ọdún tí mo ṣe ipò kejì nílé ìwé, ó sọ ọ́ sí èmi náà.

Orúkọ mi ni Ìyábọ̀. Ilẹ̀ sàréè ìyá tó bí bàbá mi kò tíì gbẹ tí wọ́n fi bí mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ jẹ́ ìyá àgbà tó padà wá. Inú ìlédìí ni mo ti jẹ oyè. Kí n má parọ́, oyè náà dùn. Bàbá mi kì í pe orúkọ mi, "Ìyá mi" ló ń pè mí. Iwe adìyẹ tó jẹ́ ti baálé ilé, inú abọ́ tèmi ló ń já sí. Ìyá mi pàápàá kò lè nà mí bó ṣe fẹ́. Bó bá mú pàṣán, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà: "Ìyá ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o," kí ó tó fi pàṣán náà jó mi lẹ́sẹ̀. Nílé ìwé, mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo bí bàbá mi. Olùkọ́ nà mí lórí rẹ̀. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Nígbà tí ìyá àgbà wà láyé, òun ló máa ń fi oríkì jí bàbá mi láràárọ̀. Á pe Àjàní, orúkọ oríkì rẹ̀, á sì dúró kí ó jẹ́ ẹ kí ó tó máa bá ìyókù lọ. Nígbà tí iṣẹ́ kòkó fẹ́ gbé bàbá mi lọ sí Ìgbájọ, ìyá béèrè pé ta ni yóò máa jí i lọ́hùn-ún. Ló bá sọ oríkì náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún un, bàbá mi sì gbé e dání. Lẹ́yìn tí ìyá kú, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tẹ́ẹ̀pù náà. Bàbá mi fi áńkáṣíìfù wé e, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó mọ́. N kò gbọ́ ohùn ọ̀hún rí.

Bọ̀dá Gbádé ló ní òun á gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà kí kásẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ pátápátá. Ó fa wáyà láti ara rédíò sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó na ọwọ́ sókè: "Màámi ti wà nínú kọ̀ǹpútà!"

Gbogbo ilé yọ̀. Èmi kò yọ̀. Bí ìyá àgbà bá wà nínú kọ̀ǹpútà, ta wá ni èmi? Ta ni yóò máa jẹ iwe? Mo yọ́ lọ sẹ́yìn nǹkan náà, mo fi ojú sí àwọn ihò ara rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewéko tín-ín-rín kan ni mo rí. Mo gbóòórùn rẹ̀ bí bàbá mi ṣe ń gbóòórùn kòkó. Kò rùn bí arúgbó rárá.

Kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Ohun ìgbọ́rin tó bá a dé, ètò inú rẹ̀ tí àwọ̀ oríṣiríṣi máa ń jó lójú kọ̀ǹpútà bí orin bá ń lọ, wúwo fún un débi pé orin a máa há sí i lọ́nà ọ̀fun. Bọ̀dá Gbádé wá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kékeré báyìí: fèrèsé aláwọ̀ eérú kan, bọ́tìnnì mẹ́ta, àti ìlà kan tí nǹkan dúdú ń rá pálá lórí rẹ̀. Kò sí òdòdó, kò sí ijó.

"Èyí fúyẹ́ dáadáa," ni ó wí. Háà. Ó ti sọ ọ́ létí ẹni tí kò yẹ.

Bàbá mi sún mọ́ tábìlì. "Ó fúyẹ́ báwo?"

"Kì í gba àyè, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu."

"Kásẹ́ẹ̀tì, mo máa ń rí i bó ṣe ń yí. Kí ló ń yí nínú eléyìí?"

"Kò sí ohun tó ń yí."

"Bí nǹkan kan ò bá yí, ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ìyá mi, tí kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, dá sí i láti ẹnu ọ̀nà: "Ọkọ mi kékeré, bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Níbo ni Màámi á wà?"

"Wọ́n á wà níbẹ̀, ìyàwó wa."

"Nínú òkùnkùn?"

Bọ̀dá Gbádé yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì. Nǹkan náà kọ́kọ́ dún ṣìì bí epo gbígbóná. Obìnrin kan húkọ́. Ó wá fi ohùn Ìgbómìnà gidi, ohùn tí kò jókòó nílé ìwé rí, pe bàbá mi: "Àjàní o!"

Ó dákẹ́. Ó ń retí.

Bàbá mi la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bíi tèmi mọ ìdí rẹ̀: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

"Àjàní! Àbí o ò tíì jí?"

"Ẹ dá wọn lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi," Bọ̀dá Gbádé ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ dá wọn lóhùn."

"Èmi kọ́ ni wọ́n pè."

Èmi ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí ó má dáhùn. Bó bá fi lè dá nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn lóhùn, oyè mi parí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀. Ojú ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń pè láti òdìkejì odò ni, tí kò sì mọ ibi tí afárá wà.

"Gbádé, dá a dúró." Ó yíjú sí mi. "Ìyá mi, ẹ wá jókòó síbí." Ó gbé mi ka orí àpò kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ san owó ọjà. "Ó yá, tún un bẹ̀rẹ̀."

"Àjàní o!"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, ojú rẹ̀ nínú ojú mi. "Ẹ ẹ́n, ìyá mi. Mo ti jí."

Ohùn náà sì ń bá oríkì lọ. Mo pa ẹnu mi dé, mo jókòó bí ẹni tó ń sọ ọ́. Bàbá mi kò dìde títí ó fi parí. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní ọyẹ́ ni.

Ewú ti yọ lórí èmi náà báyìí. Ohùn ìyá àgbà wà nínú kọ̀ǹpútà tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ohun ìgbọ́rin kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì fi ń gbọ́ ọ, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè bóyá ó ṣì pé. Ìfura kì í ṣe àrùn tó ń san. Bàbá mi ti darúgbó. Bí mo bá gbé kọ̀ǹpútà náà dé Ìlá, kì í gbà kí n tẹ bọ́tìnnì àfi bí mo bá jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti tó mi.

Ìsinmi tó kọjá, mo wà ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Kọ̀ǹpútà wà nínú báàgì, ní pípa. Mo fẹ́ rán ọmọ mi ọkùnrin níṣẹ́, ẹni tí bàbá mi fún ní oríkì tirẹ̀. Mo kígbe: "Àjàní o!" Ọmọ kò dáhùn, fóònù ti di í létí. Láti pálọ̀, níbi tí kò ti lè rí mi, bàbá mi ló dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kò tú àpò wò.

"Ẹ ẹ́n, ìyá mi."

Ṣíbí ọbẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi. Ní kékeré, ohun tí mo ń fura sí ni ẹni tó fẹ́ gba oyè mi. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀yìn mi ni mo yíjú wò, bóyá ẹlòmíràn ló pè é. Àwọn adìyẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá mi sì ti dákẹ́, ó ń retí. N kò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

"Àbí o ò tíì jí?" ni mo wí.