Ẹmu ní Yàrá Rachael

Òórùn ẹmu ló kọ́kọ́ pàdé Ojúọlápé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ń gbé bó ṣe ń sọ kúlà orí rẹ̀ kalẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ náà káàkiri Oko Ọba, tó ń bẹ àwọn ìyá kí wọ́n gbé ọmọ wá gba àjẹsára. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ kékeré ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tí ètò ọrọ̀-ajé SAP ti sọ owó ọkọ̀ di ọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀.

Yàrá Rachael ni òórùn náà ti ń bọ̀. Rachael ni ìyàwó Moses tí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà dá dúró. Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í fẹnu kan ọtí. Wòlíì wọn sì ti sọ pé omi àdúrà tó ọmọ, kò sí ohun tí abẹ́rẹ́ fẹ́ wá ṣe. Ta ni kò mọ̀ pé bí ẹmu bá wọ ilé ẹni tí kì í mu ún, èéyi ló wà nílé, ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi wẹ̀?

Ojúọlápé kan ilẹ̀kùn.

“Ìyá Ọpẹ́, Ọpẹ́fèyítìmí dà?”

“Ó ń sùn ni, mà.”

“Àbí òun náà ti di ọ̀mùtí?”

Rachael rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ní ìjọ, wọ́n á ní mo gba ẹmu gbọ́ ju omi ìyè lọ. Bí wolé-wolé bá sì gbọ́, á kó sójà wá.”

Kò parọ́. Wọ́n ti kó sójà wọ òpópónà kan lẹ́yìn wọn rí nítorí àjẹsára, àwọn abiyamọ sì fò fèrèsé tọmọ-tọmọ. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló ń tì bí wọ́n bá ti rí kúlà Ojúọlápé.

“Mi ò níí lọ sí ìjọ, mi ò sì níí pe wolé-wolé. Ìyá Jubril ńkọ́?”

Sùlíyá, ìyá Jubril, ló ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé e. Jubril kò tí ì pé oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń gba abẹ́rẹ́ èéyi, orí ẹní kan náà sì ni òun àti Ọpẹ́fèyítìmí ti ń ṣeré.

“Sọ fún un fúnra rẹ,” ni Ojúọlápé wí. “Ó dáa kó ti ẹnu rẹ jáde. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí o kò sọ, màá sọ.”

Rachael jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí Sùlíyá kírun àárọ̀ tán, Ojúọlápé jókòó tì í, ó sọ ọ́. Sùlíyá kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọmọ, kó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá.

“Ìgbà wo lẹ mọ̀, mà?”

“Àná ni.”

“Àná! Ẹ wá sùn lé e? Ìyá Ọpẹ́ ló bá mi pọn Jubril lálẹ́ àná kí n lè dáná.”

Ojúọlápé bá a ká aṣọ Jubril. Iyì ìyá kan ló ń rò tó fi fi ọmọ ìyá kejì dógò.

Èéyi mú Jubril ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó gbẹ bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n kò kú. Ọpẹ́fèyítìmí náà yè. Bóyá alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Jubril ti kó o, bóyá ó ti kó o ṣáájú, kò sẹ́ni tó lè sọ. Rachael àti Sùlíyá padà ń kí ara wọn. Ojúọlápé ni àwọn méjèèjì kò kí mọ́: ọ̀kan ní ó sọ, èkejì ní ó pẹ́ kó tó sọ.

Ó ṣì ń gbé kúlà. Ní ọjọ́ kan, òórùn ẹmu tún pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àlùfáà Dàwódù, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọtí wọ ilé rẹ̀. Ọrùn ń dun Ojúọlápé. Kò tilẹ̀ dúró sọ ẹrù, kò sì kan ilẹ̀kùn ẹnì kan ní ìkọ̀kọ̀.

“Gbogbo abiyamọ inú ilé yìí,” ó pè láti ìta, “ẹ jáde sí mi. Ẹ gbé ọmọ yín dání.”

Ó gbọ́ tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn. Ó tún pè.