Ojú Ìwé Kan Tí Bámilóyè Kà

Àwa tí a ń tẹ̀wé ní Ṣómólú kì í ka ohun tí a ń tẹ̀. Àwọ̀ la máa ń wò, àti etí pépà. Ẹni tó bá dúró kàwé, iṣẹ́ á bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Bámilóyè, tí a jọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó dá ẹ̀rọ dúró tó ń ka ìwé oníwèé, ara fu mí.

Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Sípéènì ni tíṣà kan gbé wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kún ojú ìwé ọwọ́ rẹ̀: "come". Lójú tèmi, "wá" ni, ó parí. Àwọn ará Sípéènì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀, "venir". Ẹni tó ti gúnlẹ̀, "llegar". Ìlú tí èèyàn ti wá, "ser de". Bọ́tìnì tó já kúrò lára ẹ̀wù, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "come off", tún ní tirẹ̀. Bó o bá ń pe ọmọdé, "ven acá". Bó o bá fẹ́ mọ ìgbà tí ẹnì kan máa wá, "¿cuándo vienes?"

Àwọn alákàrà la máa ń fún ní pépà tó bá bàjẹ́. Bámilóyè ká ojú ìwé yẹn sápò. Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á padà wọlé, á jókòó, á tún dìde, ẹnu rẹ̀ á máa jẹ èdè náà bí ẹni ń jẹ obì. Mo bi í bóyá ó fẹ́ sá fún wa ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Bọ́dúndé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Sípéènì ni Tófúnmi ọmọ rẹ̀ bí i sí, físà tí Bámilóyè sì ń wá kó lè lọ rí i, wọn ò fún un. Bọ́dúndé ò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí bàbá àgbà bá pè, á wo fóònù fìrí, á padà sídìí ohun ìṣeré rẹ̀. Inú bí mi sí Tófúnmi gan-an. Kí ló dí i lọ́wọ́ tí kò fi kọ́ ọmọ ní èdè ilé?

Lọ́sàn-án Sátidé, Bámilóyè ní ká pa gbogbo ẹ̀rọ. Ó pè wọ́n lórí fídíò. Ọmọ náà kẹ́yìn sí wa.

"Bọ́dúndé," ni Bámilóyè wí. "Ven acá."

Ọmọ náà yíjú padà. Ó sáré wá, ó sún mọ́ fóònù débi pé ihò imú rẹ̀ nìkan là ń rí. A pàtẹ́wọ́. Bámilóyè ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"¿Cuándo vienes?" ni ọmọ náà wí.

Tófúnmi fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Bámilóyè ní kó má ṣe wàhálà, òun gbọ́ ọ, ìgbà tí òun máa wá lọ́mọ ń bèèrè. Ó fa pépà náà yọ lápò, ó wá èsì lójú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọmọ náà ò kúrò níwájú fóònù.