Ìjímèrè Tí Okùn Rẹ̀ Kò Dé Fèrèsé

Bí òórùn kúlíkúlí tí wọ́n ń dín bá ti gba imú mi, Túdùn Wádà ni ọkàn mi máa ń sáré padà sí, nígbà tí ọyẹ́ Jos ń la ètè àwa ọmọdé, tí gbogbo ilé sì ń ṣọ́ ara wọn.

Màmá mi ló ń ṣe kúlíkúlí tà. Inú ilé ìdáná tí gbogbo ilé jọ ń lò ni apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń wà, ó sì ń fúyẹ́ lójoojúmọ́. Onílé wa, àlùfáà ará Ìlọrin kan, so ìjímèrè mọ́ ìdí máńgòrò. Òun la kọ́kọ́ fura sí. Àwọn àgbà fa okùn rẹ̀ títí ó fi le. Kò dé fèrèsé ilé ìdáná. Wọ́n dá ẹranko láre, ó wá ku ènìyàn.

Ilé tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tí ì dàgbà. Kò sí obìnrin tó jẹ́ dá wọ ilé ìdáná mọ́. Èmi pàápàá ń gbóòórùn ẹnu àwọn àbúrò mi. Níkẹyìn, gbogbo ojú dúró sára ìyá Làdì ọ̀rẹ́ mi, opó tí ń fọ aṣọ fún ará àdúgbò, tí kò lẹ́ni tí yóò gbèjà rẹ̀.

"Wallahi, n ò mú un!" ni ìyá Làdì ń búra.

Onílé ní gbogbo wa yóò mu omi tí òun bá fi fọ wàláà tí òun kọ Kùránì sí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí olè lè fara hàn. Ẹni tó bá kọ̀ yóò kó jáde.

Ìyá Làdì ló kọ́kọ́ nawọ́ gba igbá. Bó ti nawọ́ báyìí la gbọ́ tí igi ń ha irin fèrèsé ilé ìdáná. Ìjímèrè ti mú ọmọrogùn tí màmá mi fi ti máńgòrò kó lè gbẹ, ó tì í wọlé, ó fi kọ́ etí apẹ̀rẹ̀, ó sì rọra ń fà á bọ̀ títí kúlíkúlí fi ń já bọ́ síta níwájú rẹ̀. Ó jẹun tán, ó dá ọmọrogùn padà síbi tó ti mú un!

A rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó bẹ ìyá Làdì. Màmá mi kàn di kúlíkúlí fún un.

"Ẹ fún ìjímèrè," ni ìyá Làdì wí. "Òun ló ṣiṣẹ́ fún un."

Ó kó lọ sí Nasarawa Gwong, àdúgbò mìíràn ní Jos, tòun ti Làdì. N ò rí ọ̀rẹ́ mi mọ́, ó sì ń dùn mí dòní.

Wọ́n ti gé máńgòrò yẹn, kálukú ló sì ń ti ilé ìdáná tirẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sọnù, ojú ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹ̀yin ọmọ mi ṣì kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ ti gbọ́ ìdí tí mo fi máa ń bi yín pé, "Ọmọrogùn ńkọ́?"